Ìwé Tí Wọ́n Dá Padà Fún Mi

Ọdún mọ́kànlá ni mo fi kó ẹrù ní pápákọ̀ òfúrufú Port Harcourt. A kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba. Ilé-iṣẹ́ kan tó ń bá àwọn ọlọ́kọ̀ òfúrufú kó ẹrù ló gbà wá síṣẹ́. Èkó ni àwọn àgbà ọ̀gá wà, ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n fi ṣe máníjà lọ́dọ̀ wa. Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, mo ti di olórí ikọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ àárọ̀.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ kan wà nínú ikọ̀ mi. Ó lé díẹ̀ ní ọmọ ọgbọ̀n ọdún, òun àti ìyàwó rẹ̀ ń gbé ní Rumuokoro, èmi ń gbé ní Mgbuoba. Àwa méjì nìkan ni Yorùbá níbẹ̀, nítorí náà a máa ń sọ èdè wa nínú ọkọ̀ òṣìṣẹ́ títí àwọn yòókù á fi ní ká sọ Pidgin kí àwọn náà lè gbọ́. Òṣìṣẹ́ gidi ni. Á kúnlẹ̀ sínú ikùn ọkọ̀ òfúrufú, orí rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan òrùlé, á máa to báàgì bí ẹni ń to búrẹ́dì sínú àpótí onígíláàsì.

Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹ̀rọ tó ń gbé ẹrù gòkè ti bàjẹ́, mo sì ti fi tó àwọn ọ̀gá létí, àmọ́ ọwọ́ la ṣì fi ń gbé e. Àwọn tó ń lọ ṣiṣẹ́ epo máa ń gbé àpótí irinṣẹ́ onírin dání. Mo na ọ̀kan sí ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ yìí, ó gbà á, ó mí kanlẹ̀, ó sì jókòó.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mi ò lè dìde."

A gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tí ilé-iṣẹ́ wa ń lò ní Rumuola. Dókítà ní nǹkan ti yẹ̀ nínú eegun ẹ̀yìn rẹ̀, pé kó sinmi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kó má sì gbé ẹrù wúwo mọ́.

Mo kọ ìwé ohun tó ṣẹlẹ̀, bí òfin ṣe wí. Lọ́jọ́ kẹta, máníjà pè mí. Kì í ṣe ìkà èèyàn, ẹ̀rù Èkó ló ń bà á. Ó ṣàlàyé pé tó bá jẹ́ ẹnu iṣẹ́ ló ti fara pa, ilé-iṣẹ́ ló máa tọ́jú rẹ̀ títí ara rẹ̀ á fi yá. Tó bá jẹ́ láti ilé ló ti ń ní ẹ̀yìn ríro, ọ̀sẹ̀ méjì péré ni ìsinmi rẹ̀. Ó ti ìwé náà padà sí mi, ó ní kí n kọ ọ́ pé òjò kò jẹ́ kí n rí bó ṣe fara pa dáadáa.

Mo mú ìwé náà lọ sí yàrá ìsinmi wa. Ọmọ mi méjì wà ní ilé ìwé, oṣù yẹn gan-an ni wọ́n sì fẹ́ sọ ìwé àdéhùn iṣẹ́ mi dọ̀tun. Mo kọ ọ́ bó ṣe fẹ́.

Èkó tún dá ìyẹn padà. Wọ́n ní kí n yọ ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ tó bàjẹ́ kúrò. Mo jókòó ti bébà tuntun, mo sì kọ gbogbo rẹ̀ bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an: ẹ̀rọ, àpótí, ohun tí mo fojú mi rí. Kì í ṣe pé mo láyà. Ó ti sú mi ni.

Máníjà kà á tán, Pidgin ló fi dá mi lóhùn: "You no help me at all." Ó fi í sínú fáìlì. Mi ò mọ ibi tó gbà lẹ́yìn náà. Wọ́n sọ ìwé àdéhùn iṣẹ́ mi dọ̀tun, ẹnikẹ́ni kò bá mi wí.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fún ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ náà.

Lọ́jọ́ Sunday kan, mo lọ kí i nílé. Ìyàwó rẹ̀ gbé omi fún mi, ó wọlé lọ. Mo ní mo fẹ́ sọ nǹkan kan fún un nípa ìwé tí mo kọ. Kò jẹ́ kí n parí rẹ̀.

Ó ní, "Mo mọ̀, Ẹ̀gbọ́n. Wọ́n ti fi èyí tẹ́ ẹ ti sọ pé òjò ò jẹ́ kẹ́ ẹ ríran hàn mí. Ẹ̀yin náà ní ọmọ."

Mo sọ fún un pé mo kọ òmíràn lẹ́yìn rẹ̀. Ó mi orí pé òun ti gbọ́, àmọ́ mi ò mọ̀ bóyá ó gbà mí gbọ́. Bọ́ọ̀lù tó ń lọ lórí tẹlifíṣọ̀n la jọ ń wò títí mo fi dìde.

Ó padà síṣẹ́ pẹ̀lú bẹ́líìtì fífẹ̀ ní ìbàdí. Wọ́n ní kó máa so nọ́ńbà mọ́ báàgì. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, wọ́n ní àyè yẹn kò sí mọ́, pé kó padà sídìí ẹrù tàbí kó lọ. Ó kó ìyàwó rẹ̀, wọ́n padà sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ó ní ṣọ́ọ̀bù níbẹ̀ báyìí, ó ń ta fóònù àti wáyà tí wọ́n fi ń ṣáájì rẹ̀.

Ó máa ń pè mí lọ́jọ́ ọdún Iléyá. Á béèrè àwọn ọmọ, èmi náà á béèrè ẹ̀yìn rẹ̀. Á ní ó ń ro òun tí òtútù bá mú, a ó sì wá nǹkan mìíràn sọ.