Wọ́n Ní Kí N Má Bínú

Ọ̀sán gangan ni mo bí ọmọ mi àkọ́kọ́, ní ilé ìwòsàn kan ní Àkúrẹ́, kò sì ké. Mo dùbúlẹ̀, mò ń retí igbe rẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó gbẹ̀bí mi kọ ẹ̀yìn sí mi, ó ń fi ọwọ́ gbá ọmọ náà nídìí, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu, lẹ́yìn náà ó dáwọ́ dúró. Mo bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀. Ó ní kí n fọkàn balẹ̀. Ó fi aṣọ wé ọmọ náà, ó sì gbé e gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá bí ẹni gbé ẹrù tí kò kàn mí. Mo ní kó gbé e fún mi. Ó ní rárá, kò dára kí n rí i. Ẹsẹ̀ kékeré kan yọ jáde lábẹ́ aṣọ náà. Ohun tí mo rí nìyẹn.

Obìnrin ni. Lẹ́nu ẹni tó ń nu ilẹ̀ yàrá ni mo ti gbọ́, nítorí kò sẹ́ni tó rántí sọ fún mi.

Ìgbà yẹn, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ Èkìtì kúrò lára ìpínlẹ̀ wa ni. Iṣẹ́ ìjọba ni mò ń ṣe ní Alágbàká níbẹ̀ ní Àkúrẹ́, púpọ̀ nínú àwọn tí a jọ wà nínú ọ́fíìsì sì ti kó lọ sí Adó. Ilé háyà ni èmi àti ọkọ mi ń gbé ní Ìjọ́kà. Ọmọ Àkúrẹ́ ni, ọmọ Oǹdó ni mí. Tíṣà ni, ó sì ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Nígbà tí wọ́n mú mi délé láti ilé ìwòsàn, mo rí i pé wọ́n ti palẹ̀ gbogbo nǹkan ọmọ mọ́. Báàfù ti lọ. Nápíkìn ti lọ. Fìlà tí mo fi ọwọ́ ara mi hun nígbà tí oyún náà wúwo tí n kò lè sùn, òun náà ti lọ. Ìyá ọkọ mi ló kó wọn. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó ní, “Ìyàwó mi, ó ti parí. Má sunkún rárá. Bí o bá ń sunkún èyí, òmíràn ò ní wá.”

Mo bi í pé ibo ló kó àwọn aṣọ náà sí. Ó ní kí n jẹun.

Kò pẹ́ tí ọyàn mi fi kún. Kò sẹ́ni tó ti sọ fún mi pé yóò kún bẹ́ẹ̀, pé ara mi kò mọ̀ pé kò sí ọmọ. Omi ọyàn ń ro sára aṣọ mi, ó ń dùn mí bí ẹni fi iná sí i. Ìyá ọkọ mi wá ọ̀já, ó fi dì mí láyà pinpin kí ó lè gbẹ. Ọ̀já tí mo rà láti fi pọn ọmọ náà ni. Ó ti gbàgbé rẹ̀ nígbà tó ń kó àwọn ìyókù lọ, n kò sì rò pé ó tilẹ̀ mọ ohun tó ń ṣe. Èmi mọ̀. Mo jókòó, mo jẹ́ kó dì mí, mo sì di eyín mọ́ra wọn tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi fi ń ro mí.

Ìyàwó pásítọ̀ wá sọ pé kí n wọ aṣọ tó mọ́lẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀ṣì, kí n dúpẹ́ pé ẹ̀mí mi kò bá a lọ. Mo jó dé iwájú pẹpẹ. Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́ fún mi. Mo padà sẹ́nu iṣẹ́, wọ́n ní kí n má ronú mọ́. Ẹni tó bá bá mi pàdé ní kọ́rídọ̀ ní kí n má ronú mọ́. Orí bẹ̀rẹ̀ sí fọ́ mi, mo lọ rí dókítà, ó ní ẹ̀jẹ̀ mi ti ru fún ẹni ọjọ́ orí mi, ó fún mi ní oògùn àti èyí tí n ó fi máa sùn, òun náà ní kí n má ronú, kí n máa rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ bi í pé báwo ni ènìyàn ṣe ń dá ìrònú dúró. Ṣé ó ní ibi tí wọ́n ń tẹ̀ ni, bíi iná yàrá?

Inú ń bí mi. Mi ò tíì mọ̀ pé ìbínú ni. Mo rò pé mo ń ya wèrè. Bí aládùúgbò bá kí mi, ó máa ń ṣe mí bíi kí n da omi ọwọ́ mi sí i lójú. Ẹni tó sì ń bí mi nínú jù ni ọkọ mi, nítorí pé ó ń jẹun, ó ń lọ sí ibi iṣẹ́, ó ń kọrin.

Mo ti bi í léraléra pé níbo ni wọ́n sin ọmọ náà sí. Ìgbàkígbà tí mo bá bi í, á yí ọ̀rọ̀ padà. Ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, ó ń lọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ó ń fi ẹnu fọn ohùn orin kan. Mo dúró níwájú rẹ̀, mo tún bi í.

Ó ní, “Ẹ má jẹ́ ká tún bẹ̀rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́. Ìyá ní ẹ kò gbọ́dọ̀ mọ ibẹ̀. Ìyá ọmọ kì í mọ̀ ọ́n nínú ilé wa, bí ẹ bá mọ̀ ọ́n, ẹ ò ní bímọ mọ́. Ẹ fi sílẹ̀ kí ẹ lè ní àlàáfíà.”

Mo ní, “Àlàáfíà ta ni? Tìrẹ ni, àbí ti ìyá rẹ?”

Láti ìgbà tí a ti mọ ara wa ni òun náà ti ń fi “ẹ” kí mi bí mo ti ń fi kí i. Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ó sì dùn mọ́ wa. N kò pè é ní ìwọ rí. Ọ̀rọ̀ náà já bọ́ lẹ́nu mi bí àwo tó fọ́. Ó wò mí, ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí áyọ́ọ̀nù, aṣọ náà bẹ̀rẹ̀ sí jó. Mo mú báàgì mi, mo jáde. Mo gbọ́ tó ń pè mí títí mo fi dé títì, n kò wẹ̀yìn.

Mo wọ ọkọ̀ Oǹdó ní gáréèjì. Obìnrin kan jókòó tì mí tòun ti ọmọ ọwọ́, ọmọ náà sì ń na ọwọ́ sí yẹtí mi. Mo kọjú sí fèrèsé títí a fi dé.

Ìyá mi ti kú nígbà tí mo wà ní ilé ìwé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló tọ́ mi dàgbà, Màmá Oǹdó ni gbogbo wa ń pè é. Èkùrọ́ ló ń pa, tó fi ń ṣe àdín tà. Orúnkún ń dà á láàmú, ìdí nìyẹn tí kò fi lè wá sí Àkúrẹ́ nígbà tí ó gbọ́. Ó kàn ránṣẹ́ ni. Mo bá a lórí àpótí nínú àgbàlá, òkúta láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó gbá mi mọ́ra. Ó ní kí n jókòó. Ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni pé, “Ta ló jọ?”

Kò sẹ́ni tó ti bi mí ní ìbéèrè yẹn. Mo ní n kò mọ̀. Mo ní wọn kò jẹ́ kí n rí i.

Ó ní, “Wọn ò jẹ́ kí o rí ọmọ tí ìwọ fúnra rẹ lóyún?”

Ó dìde tòun ti orúnkún yẹn. Ó ń rìn yípo àgbàlá, ó ń bú nọ́ọ̀sì, ó ń bú àna mi, ó ń bú ẹni tó bá tún kù, ní èdè Oǹdó tó jinlẹ̀ débi pé n kò gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹlòmíràn bínú nítorí mi. Nígbà náà ni mo sunkún, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ bo ẹnu sun. Mo ké bí ẹni tí wọ́n ń nà. Obìnrin ilé kejì yọjú, ó bẹ̀rẹ̀ sí ní kí n ṣe sùúrù, kí n gba kádàrá. Màmá Oǹdó dá a lóhùn pé kó fi mí sílẹ̀, kí n bínú dáadáa, pé òun tí òun tọ́ mi dàgbà ló ní kí n ṣe bẹ́ẹ̀. Obìnrin náà padà sílé.

Mo dúró tì í. Kò gbà mí nímọ̀ràn kankan. Ó ń gbé omi gbígbóná kalẹ̀ fún mi láàárọ̀, mo ń wẹ̀, mo ń jẹun, mo ń jókòó sórí àpótí kejì, mo ń fọ́ èkùrọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ mo ń fi òkúta fọ́ ìka ara mi. Mò ń lu èkùrọ́ náà kọjá bó ṣe yẹ, ọmọ inú rẹ̀ á rún, Màmá kò sì bá mi wí. Bí mo ti ń lù ú ni mò ń sọ̀rọ̀: báàfù, fìlà, ọ̀já, ijó tí mo jó dé iwájú pẹpẹ. Bí mo bá sọ ọ̀kan tán, á bi mí pé kí ló tún ṣẹlẹ̀. Nígbà tó yá, èkùrọ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí jáde lódidi. Mò ń sùn láìlo oògùn oorun. Ìbínú náà ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n mo ti mọ orúkọ rẹ̀ àti ẹni tó ni ín, kò sì tún dà bí wèrè mọ́.

Ọkọ mi dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ó ti rù. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Màmá Oǹdó, ìyẹn fún un lómi mu, ó gbé oúnjẹ fún un. Nígbà tó jẹun tán, ó bẹ Màmá pé kí wọ́n bá òun bẹ̀ mí.

Màmá Oǹdó ní, “Mi ò ní bá ọ bẹ ẹnikẹ́ni. Ó bi ọ́ ní nǹkan. Dá a lóhùn.”

Ọkọ mi wá sọ pé òun gan-an ló gbẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n sin ín sí, pé àbúrò òun ló yẹ kó gbẹ́ ẹ ṣùgbọ́n òun gba ọkọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo ní, “O rí ojú rẹ̀?”

“Mo rí i. Mo ṣí aṣọ náà.”

“Ta ló jọ?”

Ó ní iwájú orí rẹ̀ rí bíi tèmi. Ó ní irun rẹ̀ pọ̀, ó ti bò ó dé etí, pé àwọn ìka rẹ̀ gùn. Ó ní bí òun bá ti fẹ́ sọ fún mi, ọ̀rọ̀ ìyá òun á dí òun lọ́nà, pé orin tí òun ń kọ kiri ilé, òun ń kọ ọ́ kí òun má bàa gbọ́ ohùn ọkọ́ yẹn létí ni.

Mo dìde, mo gbá a létí. Gbogbo ọ̀sẹ̀ tí mo fi ń wá ojú ọmọ mi, òun ti mú un pamọ́ sínú ara rẹ̀. Kò gbé ọwọ́ sókè. Màmá Oǹdó kò dìde. Ọkọ mi jókòó, omi ń dà lójú rẹ̀, lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ èmi náà jókòó. Mo ní kó tún sọ ti irun náà. Ó tún un sọ.

Lọ́jọ́ kejì a padà sí Àkúrẹ́, a kò yà sí Ìjọ́kà. Ilé àwọn òbí rẹ̀ la gbà lọ tààrà, ní ìtòsí Ọjà Ọba. Ìyá rẹ̀ rí wa tí à ń kọjá sí ẹ̀yìnkùlé, ó sì mọ ibi tí à ń lọ. Ó dúró sí iwájú wa. Ó bi ọmọ rẹ̀ ní èdè Àkúrẹ́ pé ṣé ó fẹ́ pa ulé náà run ni. Ó yí sí mi, ó ní kí n rò ó dáadáa, pé èmi ni n ó kábàámọ̀ rẹ̀.

Mo kúnlẹ̀ kí i, nítorí àna mi ni. Mo wá ní, “Màmá, ẹ ti kó aṣọ rẹ̀, ẹ ti kó ojú rẹ̀, ẹ ti kó ẹkún rẹ̀. Ibi tó sùn sí nìkan ló kù, ẹ kò ní lè kó ìyẹn.”

Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Lábẹ́ igi ọsàn kan ni wọ́n sin ín sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ewé ti bò ó, kò sí àmì kankan. Mo fi ọwọ́ tú ewé kúrò. Mo jókòó sílẹ̀ títí aṣọ mi fi tutù, mo fún ọmọ náà ní orúkọ nínú ọkàn mi, n kò sì tíì sọ ọ́ fún ẹlòmíràn ju ọkọ mi lọ.

Nígbà tí mo padà lọ rí dókítà, ẹ̀jẹ̀ mi ti wálẹ̀. Ó ní ṣé òun kò sọ fún mi pé kí n má ronú. Mo wò ó, mo dúpẹ́, mo jáde. Mo bímọ mẹ́ta lẹ́yìn náà, gbogbo wọn yè. Ní ìsọmọlórúkọ kọ̀ọ̀kan, ẹnì kan á sọ pé, ṣé o rí i, Ọlọ́run ti fi òmíràn dí i. Mo máa ń sọ fún wọn pé kò sẹ́ni tó dí ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní mo le. Èmi àti ọkọ mi máa ń jà nísinsìnyí, a ń pariwo, tọ̀túntòsì ń gbọ́ wa. Ó sàn fún mi ju orin yẹn lọ.

Ìyá rẹ̀ pẹ́ kó tó tún bá mi sọ ọ̀rọ̀ tó ju ìkíni lọ. Ó wá kí wa ní ọjọ́ àjíǹde kan, a sì wà nídìí oúnjẹ, nígbà tí èyí àbígbẹ̀yìn mi bi wá pé ọmọ mélòó ni a bí. Ọkọ mi dáhùn kí n tó ya ẹnu. Ó ní, “Mẹ́rin.” Ìyá rẹ̀ gbé ṣíbí kalẹ̀. Ó wo ọmọ rẹ̀, ó wò mí, kò sì fọwọ́ kan oúnjẹ náà mọ́. N kò bẹ̀ ẹ́.