Ìyá Dárà Fi Irin Ṣàlàyé Ìmpídáǹsì fún Mi

Ẹ bá mi yọ̀, ìmpídáǹsì, ìyẹn bí nǹkan ṣe ń dí iná mànàmáná lọ́wọ́, ti yé mi!

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti fìdí rẹmi nínú kọ́ọ̀sì tí wọ́n ti ń kọ́ wa ní i nílé ìwé, ọ̀la ni mo sì tún fẹ́ ṣe ìdánwò rẹ̀. Lónìí, mo gbé fáànù mi tó jó lọ sọ́dọ̀ Ìyá Dárà tó ń tún wáyà inú fáànù wé ní àdúgbò Arákalẹ̀.

Ó rí ìwé lọ́wọ́ mi. "Kí lò ń kà tójú ẹ fi rí báyìí?"

"Mà, wọ́n ní wáyà wíwé máa ń dí iná lọ́wọ́ ju bí mítà tí a fi ń wọn wáyà ṣe kà á lọ. Kò yé mi."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó so wáyà wíwé kan mọ́ gílóòbù, ó tan iná ìjọba sí i. Gílóòbù mọ́lẹ̀ yòò. Ó ti irin bọ àárín wáyà náà, gílóòbù bá ṣe bàìbàì!

Ó tún fi bátìrì àti gílóòbù kékeré ṣe é. Irin wọlé, kò sí ìyàtọ̀.

"Ọ̀nà kan ṣoṣo ni iná bátìrì ń gbà. Iná ìjọba ń lọ, ó ń bọ̀. Bó bá ti fẹ́ yí padà ni wáyà wíwé máa ń bá a jà, irin ló sì ń fún un lágbára."

Mo pariwo, "Háà! Bátìrì ló wà nínú mítà, ìyẹn ni kò ṣe rí ìjà náà! Ó yé mi!"

Agẹrun ìtòsí sáré wọlé tòun ti kílípà: "Ẹ pa iná! Ẹ pa iná!"

Ìyá Dárà ní, "Iná kọ́ ló gbé e. Ìwé ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀ ọ́ lórí."

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló là yín lójú níbi tí ẹ ò fọkàn sí?