Ìlara Gìtá Ló Gbé Mi Dé Ajégúnlẹ̀

Agogo márùn-ún ìdájí kò tíì lù nígbà tí mo jáde nílé wa l'Ábẹ́òkúta. Mo sọ fún ìyàwó mi pé mo fẹ́ lọ kí ọ̀rẹ́ mi kan l'Ékòó. Irọ́ ni. Ìlara ló ń lé mi lọ.

Ọdún mẹ́tàdínlógún ni mo ti ń ta gìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì wa kí Fẹ́mi, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún, tó dé. Gìtá tèmi máa ń kùn bí oyin nígbàkúùgbà tí wọ́n bá tan jẹnẹrétọ̀. Tirẹ̀ kì í kùn rárá, ohùn rẹ̀ a sì máa jáde geerege. Àwọn ìyá ìjọ tó máa ń yí sọ́dọ̀ mi nígbà ìdúpẹ́ ti wá ń yí sọ́dọ̀ rẹ̀. Lọ́jọ́ kan tó lọ mu omi, mo yí gìtá rẹ̀ dà bí olè, mo ka orúkọ ẹni tó ṣe é, tí wọ́n fín sẹ́yìn rẹ̀: Ọ̀gá Tímì, Ajégúnlẹ̀.

Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin náírà ni mo san láti Kútọ̀ dé Ọ̀ṣòdì. Mo tún wọ ọkọ̀ dé Ìjọra, mo fi àkàrà gbígbóná sínú búrẹ́dì, mo ń jẹ ẹ́ lórí ìdúró. Kẹ̀kẹ́ Márúwá ló gbé mi gba Màlúù Road. Níbẹ̀, àwọn tírélà tó ru kọ̀nténà ti gba ọ̀nà tán, àwa ń yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ táyà wọn kọjá.

"Ẹ fa ẹsẹ̀ yín wọlé, bàbá," ni oníkẹ̀kẹ́ náà wí. "Àwọn wọ̀nyí kì í wo ẹ̀gbẹ́ o."

L'Ábẹ́òkúta, awakọ̀ ì bá ti béèrè ilé tí mo ti wá. Èyí kò béèrè nǹkan kan, inú mi sì dùn sí i.

Mo bá Ọ̀gá Tímì ní ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ṣe gìtá. Ọmọ ẹ̀yà Ìjọ́ (Ijaw) ni, àgbàlagbà tí wọ́n bí s'Ájégúnlẹ̀, tó ń fi píjìn lú Yorùbá.

"Igi wo lẹ fẹ́?"

"Ọ̀gánwó," ni mo dáhùn kíá, torí pé gìtá Fẹ́mi pupa bí ọ̀gánwó. "Kí ẹ fi họ́mbọ́kà tó le jù lọ sí i."

Họ́mbọ́kà ni òòfà tó máa ń gbé ohùn okùn gìtá. Ọ̀nà méjì ni wọ́n wé wáyà rẹ̀ sí, kí ìkan lè pa kíkùn ìkejì.

Ọ̀gá Tímì mi orí. "Ojú yín lẹ fi ń yan igi. *Na ear go choose.* Ẹ kọjú sí ògiri."

Mo kọjú sí ògiri. Ó ta gìtá mẹ́ta, ó yí ipò wọn padà, ó tún ta wọ́n. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo yan ìkan náà. Nígbà tí mo yíjú padà, igi afárá ni wọ́n fi ṣe é, họ́mbọ́kà rẹ̀ ló sì rọ̀ jù nínú gbogbo wọn. Afárá tá a fi ń kan àjà nílé!

Ọ̀gá Tímì rẹ́rìn-ín. "Ọmọkùnrin kan láti Abẹ́òkúta náà yan irú èyí. Èmi ni mo kùn ún ní pupa fún un. Ó gbé orin kan wá lórí fóònù, ó fi ránṣẹ́ sí mi, ó ní, 'Ọ̀gá, ohùn bàbá yìí ni mo fẹ́, ẹ ṣáà bá mi yọ ariwo inú ẹ̀.'"

Ọ̀gá Tímì wá orin náà lórí fóònù tirẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́. Orin ìkórè ló jáde. Ìka mi ni. Jẹnẹrétọ̀ wa sì ń kùn lábẹ́ rẹ̀.

"Ẹ mọ bàbá náà ni?"

"Rárá," ni mo wí. Ojú tì mí, síbẹ̀ inú tún bí mi: ohùn mi ló wà lọ́wọ́ ọmọ yẹn, ó mọ́ tónítóní, ariwo ló ṣẹ́kù fún èmi. Mo ní kó fi afárá ṣe tèmi.

Oòrùn kò tíì wọ̀ nígbà tí mo dé Abẹ́òkúta. Ṣọ́ọ̀ṣì ni mo kọ́kọ́ yà sí. Fẹ́mi nìkan ló wà níbẹ̀, ó ń to àga. Mo sọ ibi tí mo ti ń bọ̀ fún un.

Ó dọ̀bálẹ̀. "Wọ́n jẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ orin yẹn, sà? Ẹ má bínú. Mi ò gbàṣẹ lọ́wọ́ yín."

"Gbé gìtá yẹn wá," ni mo wí.

Mo ta orin ìkórè náà. N kò gbọ́ ara mi bẹ́ẹ̀ rí. Ìrìn àjò yìí ló fi hàn mí pé ohùn ara mi ni mo ti ń jowú láti ọjọ́ yìí. Ṣùgbọ́n n kò ní purọ́ mìíràn lónìí, ìlara náà kò tíì tán: nígbà tí Fẹ́mi na ọwọ́ láti gba gìtá rẹ̀, mo tún orin náà ta látìbẹ̀rẹ̀ kí n tó fi í sílẹ̀.