Páswọọ̀dù Tí Ìyá Mi Kò Gbọdọ̀ Fẹnu Pè

Láàárọ̀ ọjọ́ tí àbúrò mi ọkùnrin máa sọ ọmọ rẹ̀ lórúkọ nílùú òyìnbó, àpótí íńtánẹ́ẹ̀tì kékeré kan ni mò ń so mọ́ tẹlifíṣọ̀n ní ilé wa ní Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú. Ibẹ̀ ni ìyá mi ti máa rí ọmọ-ọmọ wọn ọkùnrin àkọ́kọ́. Ojú fóònù ti kéré jù fún wọn, ògiri alámọ̀ iyàrá wọn kì í sì í jẹ́ kí nẹ́tíwọọ̀kì fóònù wọlé. Wọ́n ti wé gèlè láti ìdájí, bí ẹni pé àwọn tó wà lọ́hùn-ún máa rí wọn.

Àpótí tàn, ó rí wáí-fáì ilé, ó bá béèrè páswọọ̀dù. Àbúrò mi ló ṣètò wáí-fáì náà kó tó rìnrìn àjò. Mo bọ́ síta lọ pè é títí, kò gbé e. Ìyá mi ní kí n fọkàn balẹ̀, pé àwọn mọ̀ ọ́n, orúkọ bàbá bàbá mi ló fi síbẹ̀.

Mo ní kí wọ́n pè é.

"Bàbá Abẹ́ Ọ̀dán."

Mo tẹ̀ ẹ́, kò gbà. Mo so ó pọ̀, mo já a sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, mo fi lẹ́tà ńlá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Èmi fẹ́ràn kí n máa tú nǹkan wò, ara mi ti ń yá gágá. Ìyá mi ni ọkàn wọn kò balẹ̀. Ìgbà tó yá ni ó tó yé mi. Ìyàwó ilé ni ìyá mi, ìyàwó ilé kì í sì í pe orúkọ bàbá ọkọ rẹ̀. Abẹ́ igi ọ̀dán ni bàbá náà máa ń jókòó sí, ni àwọn ìyàwó bá fi ń pè é, àwa ọmọ náà sì bá wọn pè é bẹ́ẹ̀. N kò mọ orúkọ bàbá bàbá mi rárá. Ojú tì mí.

Mo bẹ̀ wọ́n, mo ní bàbá ti kú tipẹ́. Wọ́n ní ó lé ní àádọ́ta ọdún tí àwọn ti wọlé ọkọ, àwọn kò pè é rí, kì í ṣe torí tẹlifíṣọ̀n ni àwọn ó wá ṣe pè é. Aago ń lọ. Omi lé ròrò sójú wọn. Wọ́n wá na ọwọ́.

"Gbé rìmóòtù yẹn wá. Ẹnu ni wọ́n ní n má fi pè é. Ẹnikẹ́ni ò ní kí n má fọwọ́ tẹ̀ ẹ́."

Ilé ẹ̀kọ́ àgbà ni wọ́n ti kọ́ ábídí. Wọ́n sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n, wọ́n ń wá lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Mo na ọrùn títí, gèlè wọn ni mo ń rí.

Ó gbà. Àbúrò mi yọ lójú tẹlifíṣọ̀n pẹ̀lú ọmọ lọ́wọ́. Àlùfáà fẹnu sí ọmọ létí, ó wá kéde orúkọ ọmọ sókè. Ìyá mi kúnlẹ̀.

Mo bi wọ́n bóyá orúkọ Bàbá Abẹ́ Ọ̀dán nìyẹn. Wọ́n mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Inú mi dùn, mo pè é lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ má retí kí n kọ ọ́ síbí o, páswọọ̀dù ilé wa ṣì ni.

Lórí ìkúnlẹ̀ náà ni wọ́n ti bi mí pé kí ni àwọn ó wá máa pe ọmọ yìí. Wọ́n fọwọ́ kan ojú tẹlifíṣọ̀n níbi tí orí rẹ̀ wà.

"Bàbá Inú Tẹlifíṣọ̀n," ni wọ́n pè é.