Agolo Tí Kò Níná Nísàlẹ̀

Ọjọ́ tí ìbọn kọ́kọ́ dún lábúlé wa, lọ́nà Ẹgbẹ́dá, ọbẹ̀ wa ṣì wà lórí iná. Ìjà owó-orí ló dé, ti àwọn àgbẹ̀ àti ìjọba. Ìyá mi da omi síná, wọ́n pọn Mùlíkà àbúrò mi, wọ́n fà mí lọ́wọ́, ó di inú oko kòkó. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí, Mùlíkà ò tíì ju márùn-ún lọ.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tí ẹ ń kùn bí oúnjẹ bá pẹ́ díẹ̀, ẹ gbọ́. Nínú oko yẹn, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ dáná, torí èéfín á tú wa fó. Kòkó tútù là ń lá títí ahọ́n wa fi bó.

Kí Mùlíkà má baà sunkún, ìyá mi ní kí n máa bá a ṣeré. Mo fi òkúta mẹ́ta ṣe ààrò, mo gbé agolo lé e, mo bu yẹ̀pẹ̀ sí i. Òun á jókòó tì mí, á fọwọ́ lẹ́rán, á máa wo ọ̀ọ́kán. Tó bá yá, á ní, "Ṣé ó ti jinná?" Èmi á ní kò tíì jinná. Mo fẹ́ kí eré náà pẹ́ ni; bó bá parí, a ó tún rántí ebi.

Lọ́jọ́ kẹta, mo ní, "Iná ti kú. Lọ ṣa igi wá."

Eré ni mo ń ṣe. Ó dìde, ó lọ. Ìbọn dún lẹ́ẹ̀mejì, gbogbo oko sì dákẹ́. A ò mọ ìbọn ta ni. Ìyá mi fọwọ́ bò mí lẹ́nu. Nígbà tí a máa fi rí òkú rẹ̀, igi gbígbẹ mẹ́ta ṣì wà lápá rẹ̀.

Ìyá mi ò bá mi wí títí wọ́n fi kú. Ì bá sàn kí wọ́n bá mi wí.

Lánàá, nílé mi ní Olódò, Bàsírà ọmọ-ọmọ mi gbé ìwé ilé-ìwé rẹ̀ wá. Àwòrán kan wà níbẹ̀ tí wọ́n fi ọ̀dà kùn: ọmọbìnrin kan ń se yẹ̀pẹ̀ nínú agolo, èkejì fọwọ́ lẹ́rán, ó ń wo sánmà. Tíṣà ní kí wọ́n sọ ohun tí èkejì yẹn ń rò. Bàsírà ní ó ń rò pé òun ń fò lójú ọ̀run. Mo ní ebi ló ń pa á. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní màmá ò mọ àwòrán wò. Ó tún ní ẹni tó yà á gbàgbé iná sábẹ́ agolo, ló bá mú pẹ́ńsùlù pupa.

Mo gba ìwé náà. Mo ní kó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó wò mí, ó sáré lọ bá ẹgbẹ́ rẹ̀ níta. Mo fìka kan ọmọ tó fọwọ́ lẹ́rán nínú àwòrán náà lórí.

"Mùlíkà, ó ti jinná. Máa bọ̀."