Ọwọ́ Tó Jó Rádíétọ̀

Òórùn sítáàṣì gbígbóná ló gba ẹ̀yìnkùlé wa ní Adigbe lọ́jọ́ náà. Ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi ni. Iná èédú ni mo gbé e kà, mo ń rò ó fún yunifọ́ọ̀mù ọmọbìnrin mi, nígbà tí aládùúgbò ìyá mi kan dé láti Kọ́bapẹ́. Kò tilẹ̀ jókòó. "Ara ìyá yín ò yá rárá. Ẹ gbé mọ́tò wá, ká gbé wọn lọ ọsibítù. Wọn ò lè jókòó nínú bọ́ọ̀sì mọ́." Ọkọ mi mi orí. "Mọ́tò wo? Ṣé eléyìí tí rádíétọ̀ rẹ̀ ń jò bí asẹ́? Mẹkáníìkì ò ṣiṣẹ́ lónìí. Ó di ọ̀la."

Ìwọ náà mọ bí ọ̀la ṣe jìnnà tó, bí ìyá ẹni bá wà lórí ẹní. Bàbá mi olóògbé, kẹ́tùlù àti fìtílà tó bá ń jò ni wọ́n ń fi òjé jó dí fún àwọn ará Igbein. Ẹ̀gbẹ́ wọn ni mo ti kàwé títí mo fi jáde sẹ́kọ́ńdìrì, mo sì ti bá wọn jó kẹ́tùlù tó pọ̀ kí n tó mọ ọkọ. Irin tí wọ́n fi ń jó wọn ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Mo sọ̀ ìkòkò sítáàṣì kalẹ̀, mo ki irin náà bọ inú èédú. Ọkọ mi bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá Ọmọ, rádíétọ̀ kì í ṣe fìtílà o!" Ó wọlé lọ wẹ̀.

Mo jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù, mo tú omi inú rẹ̀ sílẹ̀. Ojú ibi tó là lókè kò ju irun lọ. Mo fi ọ̀bẹ ha á títí idẹ fi ń dán, mo fi ásíìdì pa á, mo wá fi irin gbígbóná kàn òjé. Òjé yọ́ bí òrí, ó ṣàn wọ ibẹ̀. Èéfín rẹ̀ ta mí lójú. Ọmọ mi ló ń bá mi fẹ́ iná. Nígbà tí a da omi padà, àwa méjèèjì tẹjú mọ́ ọn: omi kò kán sílẹ̀. Ọkọ mi jáde nínú bùbá funfun, ó wò ó, ó mú kọ́kọ́rọ́, a sì gba ọ̀nà Kọ́bapẹ́ lọ.

Ojú ìyá mi ti jìn, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ wá. "Ṣebí wọ́n ní ọkọ̀ ń jò? Ta ló bá yín ṣe é lọ́jọ́ Ìsinmi?" Ọkọ mi dọ̀bálẹ̀. "Mọ́mì, mo ti wá nǹkan ṣe sí i." Wọ́n di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Àna mi, ẹ ti jogún ọwọ́ ọkọ mi olóògbé. Ọwọ́ yìí kò ní rọ. Ohun tí ẹ bá dáwọ́ lé á yọrí." Ó ní, "Àmín, Mọ́mì," ketekete.

Mo ya ẹnu, mo tún pa á dé. Ta ní máa ń dójú ti ọkọ rẹ̀ níwájú àna, lórí aláìsàn? Mo ní lọ́kàn mi pé bí ara wọn bá yá, màá sọ fún wọn. Orí wọn wà lórí itan mi lọ́nà; a ò tíì dé ọsibítù tí wọ́n fi dákẹ́. Rádíétọ̀ ò jò rárá.

Mo ti dárí ohun púpọ̀ ji ọkọ mi. Ṣùgbọ́n ìwúre tó kẹ́yìn lẹ́nu ìyá mi, tèmi ni, ó sì gbà á bí ẹni gba omi tútù mu.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ọmọ mi bi mí ní pálọ̀, bàbá rẹ̀ sì wà níbẹ̀: "Mọ́mì, ṣebí ẹ̀yin lẹ ṣe mọ́tò?" Mo fà á mọ́ra. Mo ní, "Èmi ni. Ẹnikẹ́ni tó bá bi ọ́, bí mo wà níbẹ̀, bí n kò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kí o sọ fún un."