Ẹni Tí Kò Fún Mi Lómi

Òórùn ẹyìn tí wọ́n ń sè ló máa ń kọ́kọ́ pàdé ènìyàn ní ẹ̀yìnkùlé ilé tí ẹgbẹ́ wa ti ń pàdé ní Sakété. Opó kan ló ni ilé náà, epo pupa ló sì ń ṣe tà. Àgbá ńlá rẹ̀ kì í kúrò lórí iná láti àárọ̀ títí oòrùn á fi wọ̀. Èéfín á gba abẹ́ igi máńgòrò kọjá, á wọ aṣọ wa, á wọ irun wa, tó fi jẹ́ pé bí a bá dé kíláàsì lọ́jọ́ Ajé, àwọn ọkùnrin á máa fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ pé àwọn ọmọ elépo ti dé. Títí di òní, bí mo bá ń kọjá níbi tí wọ́n ti ń ṣe epo ní Pobè níhìn-ín, tí òórùn yẹn bá kàn mí nímú, ẹsẹ̀ mi á lọ́ra. Inú mi á dùn díẹ̀, lẹ́yìn náà ni àyà mi á wá wúwo.

O mọ̀ pé sójà ni mí tẹ́lẹ̀. Ọmọ Pobè ni mí, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí mo jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ni mo ti wọ iṣẹ́ ológun, apá àríwá lọ́hùn-ún ni mo sì ti lo ọ̀pọ̀ ọdún, níbi tí ọyẹ́ ti ń la ènìyàn létè, tí a ti ń sùn pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀. Orúnkún mi ló dá mi padà. Nígbà tí wọ́n ní n kò lè ru ẹrù rìn ọ̀nà jíjìn mọ́, mo bọ́ aṣọ ìjọba, mo sì bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan lókè ibẹ̀. Ọdún kan péré ni mo lò níbẹ̀ tí àìsàn ìyá mi le sí i. Mo bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n gbé mi wá sí Sakété, kí n lè máa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe bọ́ sí ọdún kejì láàárín àwọn ọmọ tí wọ́n ti jọ wà láti ìbẹ̀rẹ̀, èmi tí mo ti lé lọ́gbọ̀n ọdún.

Kò sẹ́ni tó bú mi, kò sẹ́ni tó rí mi fín. Wọ́n á kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, wọ́n á sì fi àyè sílẹ̀ lọ́tùn-ún àti lósì mi lórí bẹ́ǹṣì. Bí mo bá yọ, ọ̀rọ̀ á dákẹ́ lẹ́nu wọn. Ní àgọ́ ológun, ènìyàn kì í dá wà. Kódà bí ẹ̀rù bá ń bà wá, a jọ ń bẹ̀rù ni. Ní Sakété, mo ń dá jẹun, mo ń dá kàwé, mo ń dá fọṣọ, títí di àárọ̀ ọjọ́ kan tí ọmọbìnrin kan gbé ìwé rẹ̀ dé etí bẹ́ǹṣì mi, tó ní, "Dada, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún síhìn-ín díẹ̀. Ìdí tiwa náà fẹ́ sinmi." Dada ni à ń pe ẹ̀gbọ́n lóbìnrin níhà ibẹ̀. Ẹ̀rín pa mí débi pé olùkọ́ dákẹ́, ó ń wò wá.

Ọmọ Ita-Djèbou ni ọmọ náà, òun sì ni ìyálẹ́gbẹ́ àwọn obìnrin ilé-ẹ̀kọ́ wa. Ẹgbẹ́ náà kì í ṣe awo. Àwọn tí ilé wọn jìnnà ló dá a sílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà dùbúlẹ̀ àìsàn kí ó má rí ẹni bu omi fún un. Wọ́n jọ ń din gàrí, wọ́n jọ ń kàwé de ìdánwò, wọ́n sì ń pe ara wọn ní ọmọ ìyá. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé á kọ́kọ́ sin àwọn tó bá níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀: á pọnmi, á gbálẹ̀, á kúnlẹ̀ kí wọn láìka ọjọ́ orí sí. Lọ́jọ́ ìwọlé, gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ni yóò fún un lómi mu lọ́kọ̀ọ̀kan, nínú ife kan náà. Kò gbọ́dọ̀ ku omi ẹnì kan, ẹnì kan kò sì lè fúnni ní ti ẹlòmíràn.

Ìsìn náà kò ni mí lára. Ẹni tí àwọn ọ̀gá kéékèèké ti pa láṣẹ nínú òjò kò ní bínú nítorí pé ọmọ ogún ọdún ní kí òun pọnmi. Ohun tó ń pa wá lẹ́rìn-ín ni pé òfin ní kí wọ́n máa fi "ìwọ" bá ẹni tuntun sọ̀rọ̀. Wọn kò lè ṣe é. Ìyálẹ́gbẹ́ á fa ojú ro, á ní, "Ìwọ, lọ pọnmi wá!" Á wá rẹ ohùn sílẹ̀ pé, "Ẹ má bínú o, Dada." Gbogbo àgbàlá á bú sẹ́rìn-ín. Irun mi tí mo ti ń gé mọ́lẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í gùn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan wọ́n fi mí sáàárín itan, wọ́n ń dì í lọ́wọ́ọ̀wọ́, ó ń yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ wọn, wọ́n ń pariwo, wọ́n tún ń dì í. Nígbà tí mo dé Pobè lórí alùpùpù, ìyá mi na ọwọ́ láti orí ẹní, ó fi ọwọ́ wá orí mi kiri. "Wọ́n ti dá ọmọ mi padà fún mi," ni ohun tó sọ. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo sì fi í sílẹ̀ lórí irun náà.

Akọ̀wé ẹgbẹ́ nìkan ni kò fọwọ́ kan orí mi lọ́jọ́ náà. Ọmọ Takon ni, tẹ́ẹ́rẹ́, ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ níwọ̀n. Òun àti ìyálẹ́gbẹ́ ti jẹ́ ọ̀rẹ́ láti kọ́lẹ́ẹ̀jì. Yàrá kan ni wọ́n ń gbé, abọ́ kan ni wọ́n ń jẹ, bí ọ̀kan bá bẹ̀rẹ̀ ìtàn, èkejì á gbà á lẹ́nu rẹ̀ parí. Akọ̀wé kì í ṣàìkí mi. Ṣùgbọ́n bí mo bá dúró sí apá kan àgbàlá, á rọra bọ́ sí apá kejì. Ìtìjú ni mo pè é.

Nígbà tí ọjọ́ ìwọlé kù sí dẹ̀dẹ̀, ó dìde nínú ìpàdé. "Òfin wa ní ẹni tí kò bá bá wa bẹ̀rẹ̀ lọ́dún kìíní kì í wọlé. Ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn ni Dada ti wá."

Ìyálẹ́gbẹ́ yí ojú sí i tìyanu-tìyanu. "Ìgbà wo la ti ń tẹ̀ lé ìyẹn? Ṣebí ìwọ gan-an lo ní ká pa òfin yẹn tì."

"Mo ti yí ọkàn padà."

Wọ́n jọ fà á títí, ẹnu gbogbo wọn kò sì kò. Ẹ̀yìn ìyálẹ́gbẹ́ ni àwọn tó pọ̀ jù wà. Akọ̀wé jókòó, ó ń fi èékánná fa ilẹ̀. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti tán síbẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé ni wọ́n mú mi wọlé, lábẹ́ máńgòrò. Mo kúnlẹ̀ lórí orúnkún mi tó ń dùn mí, wọ́n sì ń wá lọ́kọ̀ọ̀kan, ìyálẹ́gbẹ́ ló ṣáájú. Omi náà tutù, ó ń ta sánsán amọ̀ ìkòkò. Olúkúlùkù á ní, "Ọmọ ìyá mi, gbà," mo sì ń gbà. Ó kan akọ̀wé. Ó bu omi, ó dé iwájú mi, mo gbójú sókè, mo rẹ́rìn-ín sí i. Omi ń dà sí mi láyà. Ó rọra gbé ife náà kalẹ̀, ó ní, "N kò lè ṣe é," ó sì gba ẹ̀gbẹ́ àgbá ẹyìn kọjá, ó jáde lọ. Opó náà dá igi ìro ọwọ́ rẹ̀ dúró.

Ìyálẹ́gbẹ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú ife náà. Ojú rẹ̀ ti pọ́n. "Mo ti fún un ní tèmi, mo sì fún un ní ti akọ̀wé. Ẹ mu ún, Dada." Mo mọ̀ pé kò tọ́. Gbogbo wa ló mọ̀. Ṣùgbọ́n bí n kò bá mu ún, ìtìjú á bò ó níwájú gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀. Mo mu ún. Wọ́n pàtẹ́wọ́, ṣùgbọ́n kò ròkè.

Ọjọ́ kejì ni ìyálẹ́gbẹ́ wá bá mi, ojú rẹ̀ wú. Akọ̀wé ti kó ẹrù kúrò ní yàrá wọn, ṣùgbọ́n kó tó lọ, ó ti sọ ohun tí kò sọ rí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin máa ń fi alùpùpù gbé epo bẹntiróò wá láti òdìkejì ààlà, bí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ìhà wa ti ń ṣe. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó rí àwọn aláṣọ ìjọba lọ́ọ̀ọ́kán. Kò sẹ́ni tó lé e, kò sẹ́ni tó pè é. Ẹ̀rù ló bà á, ó yí alùpùpù padà lójijì, ó ṣubú, epo sì gbiná. Akọ̀wé, ọmọdé nígbà náà, ló ń gbé oúnjẹ lọ fún un ní ilé ìwòsàn títí tí kò fi jẹun mọ́.

"Mo mọ̀ pé iná ló pa á," ni ìyálẹ́gbẹ́ wí. "N kò mọ̀ nípa aṣọ ìjọba. Orí ẹní kan náà la jọ ń sùn, Dada, kò sọ ọ́ fún mi. Èmi ni mo sì fi ọ̀rọ̀ sé e mọ́ lójú gbogbo ènìyàn."

Mo gba Takon lọ. Mo bá akọ̀wé ní àgbàlá ìyá rẹ̀, ó ń bó gbágùúdá. Ó gbé àpótí fún mi, ó bu omi fún mi pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Omi àlejò ni. Àwa méjèèjì mọ̀ pé kì í ṣe omi ọjọ́ yẹn.

"N kò bá yín jà," ó wí. "Mo mọ̀ pé ẹ ò sí níbẹ̀. Àríwá lẹ wà. Mo ti bá ara mi sọ ọ́ títí."

"Kí ni kí n ṣe, àbúrò mi?"

"Kò sí ohun tí ẹ máa ṣe. Ìdúró yín ni. Bí ẹ bá ti dúró, tí ẹ ya ẹsẹ̀, tí ẹ kó ọwọ́ sẹ́yìn, ara mi á tutù, òórùn jíjó yẹn á dé."

Mo ti dìde láti dágbére. Mo wo ara mi: mo ya ẹsẹ̀, ọwọ́ mi sì wà lẹ́yìn mi. Mo tú u ká kíá, ṣùgbọ́n ó ti rí i. Ó tẹ orí sórí gbágùúdá rẹ̀, ó ní kí n máa lọ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Mo sọ fún ìyálẹ́gbẹ́ pé mo fẹ́ kúrò nínú ẹgbẹ́. Ó bi mí pé, "Bí ẹ bá lọ, ṣé yóò padà?" Ó di apá mi mú. "Ẹ má jẹ́ kí n pàdánù ẹni méjì," ó wí. Mo dúró. Gbogbo ohun tí mo ń wá ni mo sì rí gbà. Nígbà tí ìyá mi kú, àwọn ọmọ wọ̀nyẹn ló wá láti Sakété, wọ́n dáná nílé wa, wọ́n tẹ́ ẹní yí mi ká, wọn kò jẹ́ kí n dá jókòó. Ọ̀kan ń dì mí lórí, ọ̀kan ń fi ipá fún mi lẹ́kọ mu. Láàárín gbogbo rẹ̀ ni mo ń ronú pé ọmọ kan ti gbé oúnjẹ lọ sí ilé ìwòsàn rí, kò sí irú àwọn wọ̀nyí lẹ́yìn rẹ̀, nígbà tó sì wá rí wọn, èmi dé. Kí a tó jáde ní ilé-ẹ̀kọ́, àwọn tó sún mọ́ akọ̀wé ti tẹ̀ lé e lọ. Ẹgbẹ́ di méjì, wọn kì í kí ara wọn.

Ní àìpẹ́ yìí ni ìyálẹ́gbẹ́ ṣe ìgbéyàwó ní Sakété. Ó ní kí n jókòó ti òun, kí n di báàgì òun mú, kí n máa nu òógùn fún òun. Ní gbogbo ìgbà tí ẹnì kan bá wọlé, á na ọrùn.

"Dada, ṣé òun kọ́ nìyẹn?"

"Òun kọ́."

Nígbà tí wọ́n ń mú un jáde, ó sunkún. Gbogbo ènìyàn rò pé ẹkún ìyàwó ni.

Lọ́jọ́ kejì, mo di lára oúnjẹ ìgbéyàwó náà, àmíwò pupa tí a fi ìyẹ̀fun àgbàdo àti tòmátì rò, àti adìyẹ, sínú abọ́, mo gbé e lọ sí ọgbà tí akọ̀wé ti ń tọ́ ọmọ ọ̀pẹ níhìn-ín ní Pobè. Kò pẹ́ tí mo gbọ́ pé ó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ó nu ọwọ́ sára ìró, ó gba abọ́ náà tẹ̀rùtẹ̀rù, ó ṣí i, ó gbóòórùn rẹ̀. A dúró láàárín àwọn ọmọ ọ̀pẹ, mo sì so ọwọ́ mi mọ́ iwájú ní gbogbo ìgbà náà.

"Ṣé ó sunkún?" ó bi mí.

"Ó sunkún."

"Ó máa ń sunkún. Kì í dúró kí nǹkan dun òun tán." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ta ló jókòó tì í?"

"Èmi ni."

Ó mi orí. "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Kò yẹ kí ibẹ̀ ṣófo." Ó dé abọ́ náà padà, ó kí mi pé ó dìgbà, ó sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi, mo ti yẹ ọ̀rọ̀ yẹn wò títí, n kò mọ̀ bóyá ìdáríjì ni. Nínú iṣẹ́ tí mo ti wá, bí ẹnì kan bá ṣubú, ẹni tó wà lẹ́yìn á bọ́ sí àyè rẹ̀ kí ìlà má baà já, ẹnikẹ́ni kì í béèrè bóyá ibẹ̀ rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ohun tí mo mọ̀ ṣe nìyẹn, mo sì ṣe é. Mo di ọmọ ìyá fún àwọn tí n kò bá tan, wọ́n sì fẹ́ràn mi tọkàntọkàn títí di òní. Ṣùgbọ́n orí àga ẹlòmíràn ni mo jókòó sí lọ́jọ́ náà, tí mo di báàgì tí kì í ṣe ọwọ́ mi ló yẹ kó dì í mú. Bí wọ́n bá ń pè mí ní ọmọ ìyá báyìí, mo máa ń jẹ́. Lẹ́yìn tí mo bá ti jẹ́ ẹ tán, mo máa ń dákẹ́ díẹ̀, kí ẹnì kan tí kò sí níbẹ̀ lè ráyè dáhùn.